Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Eré tí Ìṣirò Wà Nínú Rẹ̀

Sáà kìíní ti parí, ìwé èsì àwọn ọmọ ti dé ọwọ́ òbí wọn, ọdún 2025 sì ń lọ sópin. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ mi kí ọdún tó yí, ìyẹn ni àwọn eré tí mo fi kọ́ ìṣirò ní kíláàsì karùn-ún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Nítorí pé oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ ọmọ méjì ló kọjá lọ́wọ́ mi láàárín ọdún yìí: àwọn tí mo kọ́ ní sáà kejì àti sáà kẹta títí di oṣù Keje, àti àwọn tí wọ́n gòkè wá lẹ́yìn ìsinmi. Ohun tí mo bá àwọn tìṣáájú ṣe ni mo tún bá àwọn tó tẹ̀ lé wọn ṣe, nítorí náà ìdájọ́ tí mo fẹ́ ṣe níbí kò dá lórí ọ̀wọ́ ọmọ kan péré.

Ohun tí ọdún yìí fi yé mi ni pé eré tó wúlò fún ìṣirò ni èyí tí ọmọ kò lè borí nínú rẹ̀ láìṣírò. Bí a bá ní kí ọmọ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìsọdipúpọ̀ kí ó tó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, bọ́ọ̀lù ni eré, ìṣirò kàn jẹ́ owó ibodè tí ọmọ ń san kí ó lè kọjá ni. Ọmọ yóò gbádùn ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn eré náà, bọ́ọ̀lù ni yóò rántí. Ọ̀tọ̀ ni eré tí òfin rẹ̀ gan-an jẹ́ ìṣirò, irú èyí tí ọmọ tí ó fẹ́ borí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó ronú lórí iye lọ.

Ayò ọlọ́pọ́n ni mo fi ṣíwájú gbogbo wọn, mi ò sì tíì rí èyí tó tó o. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin ní ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Kò sí owó láti ra ọpọ́n fún ọmọ 52, nítorí náà pààlì ẹyin la lò. Ìlà márùn-ún ló wà nínú pààlì kan, ihò mẹ́fà sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà pààlì kan á fún wa ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á sì ṣẹ́ kù. Mo bi wọ́n pé pààlì mélòó ni yóò tó fún ọpọ́n 26, gbogbo wọn sì ké pé 13. Àfi ọmọkùnrin kan tó na ọwọ́ sókè tó ní, "Àǹtí, ìlà tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Bí a bá so méjì pọ̀, ọpọ́n náà nìyẹn." A padà sí ìṣirò náà pẹ̀lú ohun tó sọ: pààlì 10 yóò fún wa ní ọpọ́n 20, ìlà mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù yóò di ọpọ́n márùn-ún sí i, ó di 25, nítorí náà pààlì 11 ti tó, kódà ó ju ohun tí a nílò lọ. Ẹkùrọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ la fi ṣe ọmọ ayò, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì ṣírò pé 1,248 ni a nílò kí gbogbo ọpọ́n tó pé. A kò tíì ta ayò rárá, ẹ̀kọ́ ti ń lọ.

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, òfin kan ṣoṣo ni mo fi kún ti àwọn baba wa: kí ọmọ tó kó ọmọ ayò kúrò nínú ihò kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ihò tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. A fi nọ́ńbà 1 sí 12 sí àwọn ihò náà yípo. Ẹni tó kó mẹ́rin láti ihò 5 yóò sọ pé 9. Ẹni tó kó mẹ́sàn-án láti ihò 6 yóò kọ́kọ́ sọ pé 15, yóò wò ó pé kò sí ihò 15, yóò sì yọ 12 kúrò kí ó tó rí i pé ihò 3 ni. Bí ọmọ ayò inú ihò kan bá wá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń fo ihò tí a ti kó o nígbà tí a bá yí dé ibẹ̀, ìṣirò náà á sì tún yí padà. Nítorí pé ihò ẹnìkejì tí ó bá di méjì tàbí mẹ́ta nìkan ni a lè jẹ, ọmọ kò lè fi ojú lásán wo ọpọ́n. Ó gbọ́dọ̀ ṣírò ọ̀nà mélòó kan kí ó tó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí, ìbéèrè tí àwọn ọmọ kì í sì í dákẹ́ bíbi ara wọn ni pé, "Mélòó ló kù tí mo fi máa borí?" Ìyọkúrò ni ìbéèrè yẹn, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fiyè sí. Àwọn ọmọ tó yára jù nínú kíka ìsọdipúpọ̀ lórí kò di ọ̀ta ayò. Àwọn tó di ọ̀ta ni àwọn tó máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọpọ́n. Èyí mú kí n gbà pé ìyára tí a máa ń pàtẹ́wọ́ fún nínú kíláàsì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ọmọ ṣe ń ronú.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, a ṣe Ọjọ́ Ìṣirò Àgbáyé. UNESCO ló kéde ọjọ́ náà ní 2019, wọ́n sì mú 14 oṣù Kẹta nítorí 3.14 tí a fi ń ṣírò òbìrìkìtì. Kókó ti ọdún yìí ni ìṣirò, iṣẹ́ ọnà àti ìṣẹ̀dá, kò sì sí ibi tí kókó yẹn lè bá mu ju agbègbè tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ìró òfì láàárọ̀ lọ. A kó aṣọ òkè wá sí kíláàsì, a wọn ìbú rẹ̀, ó tó nǹkan bí ínǹsì mẹ́rin. Bí a bá rán 15 irú rẹ̀ pọ̀, ìbú aṣọ náà yóò jẹ́ ínǹsì 60. Ó rọrùn títí dé ibẹ̀. Mo wá ní kí á sọ pé ojú rírán kọ̀ọ̀kan jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹsì, kí wọ́n sọ iye tí yóò kù. Gbogbo wọn ló fẹ́ fi ojú rírán 15 ṣírò, títí tí wọ́n fi to àwọn aṣọ náà sórí tábìlì tí wọ́n sì fi ìka ka ibi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì. Mẹ́rìnlá ni. Ínǹsì 56 àti ààbọ̀ ló kù.

Iṣẹ́ kejì ọjọ́ náà ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya aṣọ òkè tirẹ̀ sórí ìwé tí a fi ìlà pín sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, tí 30 nínú wọn wà ní ìbú rẹ̀, kí àwòṣe rẹ̀ máa tún ara rẹ̀ ṣe láti etí kan dé èkejì láìgé ní àárín. Àwọn tó yan àwòṣe onílà 6 tàbí 10 parí ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó yan 7 rí i pé méjì ṣẹ́ kù létí aṣọ, ó sì bínú. Kí a tó jáde, àwọn ọmọ fúnra wọn ti kọ 2, 3, 5, 6, 10 àti 15 sí pátákó gẹ́gẹ́ bí iye tó pín 30 láìṣẹ́kù, èyí tí ó máa ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti kọ́ wọn láti inú ìwé.

Ní sáà kẹta, ọjà ni a fi ṣe kókó. Àwọn ọmọ gé owó láti ara pààlì, láti náírà 5 títí dé 1,000, wọ́n tajà, wọ́n sì ṣẹ́ owó fún ara wọn. Òfin eré náà ni pé owó tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye ọjà tó kù nílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n gbé wá mu. Mo gbé kóńgò méjì tí kò tóbi bákan náà fún wọn, mo sì ní kí wọ́n fi agolo mílíìkì wọn gààrí inú wọn. Bí ọ̀kan bá gba agolo 10 ní 1,000 náírà, tí èkejì sì gba 12 ní 1,140, èwo ni kí màmá rà? Mi ò ní láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń pín 1,140 sí ọ̀nà 12. Àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn lọ sọ́jà ti mọ ohun tí ìbéèrè náà ń wá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọdún wà nínú kókó ọjà yìí. Ọjà ọrún ni èyí tí a ń ná ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún. Mo ní kí wọ́n sàmì sí àwọn ọjọ́ ọjà lórí kàlẹ́ńdà oṣù Kẹfà, bí a bá ná an ní ọjọ́ kìíní. Àwọn kan sàmì sí 6, àwọn tó mọ ọjà dáadáa sì sàmì sí 5, ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ló yanjú rẹ̀: a máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ márùn-ún ni a ń kà, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ìgbà yẹn ni ẹlòmíràn sọ pé bí ojú rírán aṣọ òkè ṣe rí náà nìyẹn, 15 àti 14. Inú mi dùn débi pé mo jókòó. Láti ibẹ̀, ọjà ìsán tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án di ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, ìtàdógún di mẹ́rìndínlógún. Bí ọjà ọrún bá bọ́ sí Sátidé lónìí, ó di ọjọ́ 28 kí ó tó tún bọ́ sí Sátidé. Ti ìsán yóò gba ọjọ́ 56, ti ìtàdógún yóò sì gba 112. Ọ̀pọ̀ tó kéré jù tí iye méjì jọ ní, tí ó máa ń ni àwọn ọmọ lára, di ohun tí wọ́n ń lò láti mọ ọjọ́ tí wọn kò ní sí nílé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò lè tẹ̀ lé ìyá wọn.

Òǹkà Yorùbá náà jẹ́ irinṣẹ́ tí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ní láti sọ 98 di ọ̀nà márùn-ún, ọ̀nà inú ìwé gùn. Ẹni tó bá pè é ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ti mọ̀ pé ó ku méjì kó pé ọgọ́rùn-ún, yóò sì sọ pé 500, yọ 10 kúrò, 490. Eré tí a fi kọ́ èyí ni pé ẹgbẹ́ kan yóò pe iye, ẹgbẹ́ kejì yóò fi ìdérí ìgò tí a to ní ogún-ogún kọ́ ọ. Fún márùndínláàádọ́ta, wọn yóò kó ogún mẹ́ta sílẹ̀, wọn yóò mú mẹ́wàá kúrò, wọn yóò tún mú márùn-ún kúrò, 45 yóò sì kù nílẹ̀ tí gbogbo ojú ń wò ó. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, èsì àwọn ọmọ náà sì dára. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yìí, ìjọba àpapọ̀ kéde pé a ti fagi lé ètò èdè ti 2022, èyí tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ mi yóò fi kọ ìdánwò, mo sì ń kọ́ wọn ní i dáadáa. Síbẹ̀, ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń kọ́ 45 láti inú 60 ní ohun kan lọ́wọ́ tí kò yẹ kí á gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èdè tí ó fi mọ̀ ọ́n.

Sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí ni mo mú lúùdò àti Whot wọlé. Àwọn òbí kan bẹ̀rù pé tẹ́tẹ́ ni. Mo pè wọ́n wá wo ó, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ní lúùdò, gbogbo ọmọ ló ń gbàdúrà fún ẹẹ́fà méjì, nítorí náà a kọ àbájáde dáísì méjì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì rí i pé méje ló ń wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí a to gbogbo ọ̀nà 36 sórí pátákó, mẹ́fà nínú wọn fún wa ní méje, ọ̀kan ṣoṣo ló fún wa ní 12. Ní ti Whot, káàdì 54 ni, kò sí 6 kò sì sí 9 nínú rẹ̀. Oríṣi àwòrán márùn-ún ló ní 1, mẹ́ta ló ní 4, méjì péré ló ní 12. Ìdá kan nínú 18 ni àǹfààní láti fa 4 láti inú káàdì tó pé, àwọn ọmọ ló sì ṣí i payá.

Mo ti fi ìdíje eré ìje sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí ẹgbẹ́ méjì ń sáré lọ dáhùn lórí pátákó, nítorí pé àwọn ọmọ mẹ́ta kan náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, àwọn yòókù sì ń pariwo. Orin ìsọdipúpọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n fún ìrántí nìkan.

Ní oṣù Kìíní, ìdá ni a ó gbé dojú kọ, káàdì Whot ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2026 bọ́ sí Sátidé, nítorí náà Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni a ó ṣe tiwa. Mo ti bá àwọn ahunṣọ méjì sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé òfì wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ lè ka òwú níbi tí wọ́n ti ń ta á.