Ọdún tí mo fi wo lámilámi

Ní oṣù kìíní, ohun mẹ́ta ni mo kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: kí n san gbèsè kọ̀ọ́páretí tán, kí n tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kí ikùn mi fà wọlé. Gbèsè ku díẹ̀. Òrùlé ṣì ń jò. Ti ikùn, ẹ má bèèrè. Ṣùgbọ́n nítorí ikùn yìí ni dókítà ṣe ní kí n máa rìn láràárọ̀, ìrìn náà ló sì gbé mi dé ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan létí ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí. Ibẹ̀ ni ọdún mi lọ sí.

Ta ni kò mọ lámilámi? Lọ́mọdé, a máa ń so òwú mọ́ ọn nídìí, kó máa fò bíi báálù. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó jókòó wò ó. Orúkọ rẹ̀ ní omi ló ń lá. Irọ́ ni o! Èyí tí ẹ rí tó ń fi ìdí kan omi tó, tó, tó yẹn, abo ni, ẹyin ló ń yé. Ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ dé omi. Ọmọ rẹ̀ á wà lábẹ́ omi, á máa jẹ ìdin ẹ̀fọn, kódà á jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, títí yóò fi gun koríko jáde. Ní oṣù karùn-ún mo rí awọ tí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ là, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì di koríko mú, onílé ti lọ. Mo fi sínú páálí ìṣáná gbé e wálé. Ìyàwó mi wò mí: “Bàbá Ìbejì, kí lẹ tún kó wọlé yìí?”

Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá ń ta bí ata, ẹ ó rí lámilámi tó dorí kodò, tó na ìdí sí ọ̀run. Kì í ṣe àfojúdi. Bó ṣe nà án sí oòrùn bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń bà á ń dín kù.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹta mo rí ohun kan lórí ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa, mo ṣe bí ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ ẹyẹ ń rìn. Mo fi òtapiápiá pa gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ń ráhùn pé labalábá ńlá oníwúrà àti dúdú yẹn kò wá mọ́. Àṣé ọmọ rẹ̀ ni mo pa. Ní oṣù kẹjọ, òmíràn tún yé síbẹ̀, mo káwọ́ mi sẹ́yìn. Mo fi igi tọ́ ọ̀kan, ó yọ ìwo pupa rúsúrúsú lẹ́yìn orí, òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Wọ́n jẹ igi ọsàn náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá lórí. Àwọn ìbejì ló wá pè mí lọ́jọ́ tí ọ̀kan jáde, ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

Wọ́n ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fà ya. Mo rí èyí tí aṣọ rẹ̀ ya dé ìdajì. Ó ń fò lọ ní tirẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí labalábá rẹpẹtẹ, ẹ fi òdòdó sílẹ̀. Ẹ lọ síbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ń tọ̀ sí létí títì. Iyọ̀ ni àwọn akọ ń wá níbẹ̀.

Mo dé ọgbà ìdáàbòbò ẹranko ní Lẹ́kì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 náà. Afárá orí igi rẹ̀ gùn ní mítà 401. Lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi nìkan ni mo rí, nítorí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ilẹ̀ ni mo ti rí ọ̀bọ.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n kó yanrìn dí àbàtà ẹ̀yìn ọgbà wa. Oríṣi lámilámi 11 ni mo ti kà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá mo ka 3.

Ìyàwó mi ló kọ ti ọdún tó ń bọ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà láàárọ̀ yìí: òrùlé ilé ìdáná. Lábẹ́ rẹ̀, bàtà òjò, tèmi àti tirẹ̀.