Ẹni Tórí Ẹ̀ Pé Kò Lè Ṣe Bẹ́ẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì. Òjò rọ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ pọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó jẹun ọ̀sán. Kò sí nǹkan mìíràn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí, kò jáde mọ́. Ìròyìn ọkùnrin tó yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan mí kanlẹ̀, ó ní: "Ẹni tórí ẹ̀ pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí. Wọ́n yí ìkànnì padà. Ó parí.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìròyìn ọ̀hún, mi ò ní tún un rò. Orúkọ ẹni tó yìnbọn kò sì ní wọ ibí yìí, ẹ ti mọ̀ mí mọ́ ìyẹn.

Kí ló wá ń bí mi nínú? Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí, ó tilẹ̀ jọ àánú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé báwo ló ṣe mọ̀ pé orí ọkùnrin náà kò pé, á ní ṣebí ẹ rí ohun tó ṣe. Ẹ wá bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é, á ní ṣebí orí ẹ̀ kò pé ni. Ìwà náà ni ẹ̀rí àrùn, àrùn náà ni ìdí ìwà, kò sì sí dókítà kankan láàárín méjèèjì.

Àwọn dókítà gan-an kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Láti 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti fi í sínú ìlànà wọn pé dókítà kò gbọdọ̀ kéde àrùn tó ń ṣe ẹni tí ayé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, àfi tó bá ti yẹ onítọ̀hún wò fúnra ẹ̀, tí onítọ̀hún sì gbà kó sọ ọ́. Goldwater Rule ni wọ́n ń pè é. Ní tiwa, fọ́tò kan tí ojú ẹ̀ le ti tó àyẹ̀wò.

Jeffrey Swanson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Duke, ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣirò ẹ̀ ni pé bí gbogbo àrùn ọpọlọ tó le bá lè sàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwà ipá ní Amẹ́ríkà á fi nǹkan bí 4 nínú 100 dín kù. 96 yòókù á ṣì wà níbi tó wà. Ìwà ipá lápapọ̀ nìyẹn o: ìjà, ìlùkulù, gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2018, FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí 63 nínú wọn, àwọn tó ṣe tiwọn láàárín 2000 sí 2013. Àwọn tí dókítà ti sọ fún rí pé àrùn ọpọlọ kan ń ṣe wọ́n kò ju 16 lọ. Nínú 16 yẹn, 3 ló ní irú èyí tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí tàbí kó máa gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́.

Mo fẹ́ dúró síbẹ̀ kí n sọ pé mo ti borí. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé nínú 100, nǹkan bí 62 ni ọkàn wọn ti dàrú lọ́nà kan tàbí òmíràn lọ́dún tó ṣáájú: ìbànújẹ́, àìbalẹ̀ ọkàn, ìfura. Ẹni tó mí kanlẹ̀ yẹn kò kúkú purọ́ tán. 49 ni owó há mọ́ lọ́wọ́. Àwọn kan, iṣẹ́ ni. Àwọn kan, ìgbéyàwó tó ń dàrú. Ta ni ọkàn ẹ̀ kì í dàrú? Bí a bá fi àmì yẹn ṣọ́ èèyàn, a ò ní rí ẹni tí a ò ní ṣọ́.

Ohun tó yẹ ká mú dání nínú ìwé yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ orí. Nínú 100 wọn, 77 ló fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbèrò ẹ̀. Wọ́n yan ibi, wọ́n yan ọjọ́. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ ṣáájú, lẹ́nu tàbí ní kíkọ. Àwọn tó sún mọ́ wọn rí i pé nǹkan ń yí. Kí ni wọ́n ṣe? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Nínú ọ̀ràn tó ju ìdajì lọ, a rí ẹni tó rí i tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tí ẹnikẹ́ni lọ sọ fún ọlọ́pàá nípa wọn kò tó ìdajì.

Ẹni tórí ẹ̀ pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Norway, òdìkejì ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ọkùnrin tó pa ẹni 77 lọ́jọ́ 22 oṣù Keje 2011, 8 pẹ̀lú bọ́ǹbù ní Oslo, 69 ní erékùṣù Utøya níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàgọ́: oníṣègùn ọpọlọ méjì tí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ yàn ní àrùn ọpọlọ tó le ló ń ṣe é. Inú bí àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè bọ́ kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àrùn bo ìkórìíra tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ sínú ìwé ojú ewé rẹpẹtẹ. Ilé ẹjọ́ yan oníṣègùn méjì mìíràn, àwọn yẹn ní orí ẹ̀ pé. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2012, ẹjọ́ já sí pé ó mọ ohun tó ń ṣe: ọdún 21, wọ́n sì lè fi kún un bí ó bá ṣì léwu.

Ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n lè fi ta á nù, wọ́n sì lè fi gbà á sílẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú El Paso àti Dayton, ààrẹ Donald Trump dúró lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2019, ó ní àrùn ọpọlọ àti ìkórìíra ló ń fa ìbọn, kì í ṣe ìbọn fúnra ẹ̀. Orí tí kò pé wà ní gbogbo ilẹ̀ ayé. Ìbọn tí ẹni tínú ń bí lè rà kó tó di alẹ́ kò sí níbi gbogbo.

Ká tiẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ àrùn àti ìbọn la fẹ́ sọ ní tòótọ́. Ní 2021, ìbọn pa ẹni 48,830 ní Amẹ́ríkà. 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ìdajì tó lé nìyẹn. Ibẹ̀ ni àìsàn ọkàn àti ìbọn ti ń pàdé lójoojúmọ́, nínú yàrá, láìsí akọ̀ròyìn kankan. Ẹni tí ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n kan náà, ó ń gbọ́ gbólóhùn yẹn kan náà, ó sì ń pinnu pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe ń ṣe òun, kí wọ́n má bàa máa wo òun bíi apànìyàn.

Ó dáa. Mo ti bínú tó. Ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, torí ó wà.

Lewiston, ní ìpínlẹ̀ Maine, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2023, ẹni 18 ni ọkùnrin kan yìnbọn pa. Ti ọkùnrin yẹn kò pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Karùn-ún, ẹbí ẹ̀ ti lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ó ń gbọ́ ohùn, ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ní oṣù Keje, Army Reserve, ẹgbẹ́ sójà aṣèrànwọ́ tó wà, gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní New York, ó lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, sójà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pé òun gbà pé ọkùnrin náà máa pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọlọ́pàá lọ sílé ẹ̀, wọn ò bá a. Wọ́n padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbọ́ ìró ẹni tó ń rìn nínú ilé, kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n lọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbọn lé ẹbí lọ́wọ́.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé orí ẹ̀ kò pé. Ìmọ̀ yẹn kò gba ìbọn kan ṣoṣo kúrò nínú ilé ẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Boston yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, wọ́n rí ìpalára nínú ẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn sójà ní bọ́ǹbù jíjù. Mi ò tíì mọ ibi tí màá gbé ìyẹn sí...

Òfin gbígba ìbọn ní Maine ìgbà náà ní ìpele mẹ́ta: ọlọ́pàá á kọ́kọ́ mú onítọ̀hún sí ìkáwọ́, oníṣègùn á yẹ̀ ẹ́ wò, adájọ́ á fọwọ́ sí i. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí, ìpele kìíní ò wáyé, méjì yòókù di òfo. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé ìdí tó láti mú un ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù Kọkànlá 2025, àwọn ará Maine dìbò fún òfin tó jẹ́ kí ẹbí fúnra wọn lè lọ sílé ẹjọ́ láti ní kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ èèyàn wọn tó léwu.

Red flag ni gbogbo ayé ń pe irú òfin bẹ́ẹ̀. Connecticut ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1999. Florida ṣe tiẹ̀ ní 2018 lẹ́yìn ẹni 17 tí wọ́n yìnbọn pa nílé ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá nìkan ló lè béèrè níbẹ̀. Ìwé ìbúra ni wọ́n ń kọ, "orí ẹ̀ kò pé" kò sì wúlò nínú ẹ̀ rárá. Ohun tí adájọ́ ń wá ni: ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Kí ni gbólóhùn ẹ̀ gan-an, láìfi kún un, láìyọ kúrò? Ta ló gbọ́ ọ? Àtẹ̀jíṣẹ́ dà? Ìbọn mélòó, irú wo, yàrá wo ni wọ́n wà? Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọta? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i láìpẹ́, ṣé wọ́n lé e níbi iṣẹ́, ṣé ìyàwó kó lọ? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọn ò ní kí ẹ mú orúkọ àrùn wá.

Bí ọ̀rọ̀ bá yá, adájọ́ lè fọwọ́ sí àṣẹ ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà láìsí onítọ̀hún níbẹ̀. Ọlọ́pàá á kó ìbọn, kò sì ní lè ra òmíràn. Ìgbẹ́jọ́ gidi á wáyé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 14 ní ibi púpọ̀; bí wọ́n bá dá a láre, wọ́n á kó ìbọn ẹ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣẹ náà lè tó ọdún kan. Ibi tó ti ń bàjẹ́? Wọ́n fún un níwèé, wọn ò wo inú ilé. Ó ní òun ti ta ìbọn kan fún ọ̀rẹ́, wọn ò bi í pé ọ̀rẹ́ wo. Ọdún pé, ẹni tó yẹ kó ní kí wọ́n sọ àṣẹ náà dọ̀tun kò mọ̀ pé òun ló yẹ kó béèrè. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹbí kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Swanson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ìṣirò òfin ti Connecticut. Fún ìgbà 10 sí 20 tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ èèyàn, ẹnì kan tí ì bá pa ara ẹ̀ ló yè. Ohun tí wọ́n rí kà nìyẹn. Ìkọlù tí kò wáyé kò ní ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Àwọn tí kò fẹ́ òfin náà ní wọ́n ń gba nǹkan ẹni kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ tàbí aya tínú ń bí lè fi gbẹ̀san. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ 14 yẹn ni kókó, àti lọ́yà fún ẹni tí kò lówó ẹ̀. Tí wọ́n bá ń sún ìgbẹ́jọ́ síwájú ṣáá, ẹ̀sùn wọn á dúró. Ṣùgbọ́n ìyẹn gba ọjọ́ tiẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú.