Màmá Ní Kó Fẹnu Ara Ẹ̀ Béèrè

Ohun tí ọmọ mi sọ lójú ìyá mi ní Ìjẹ̀bú Òde ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà tí a ti padà dé Chicago.

Ní 2025, Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù June, ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń kádìí àjọ̀dún orin blues ní Chicago. Ọdọọdún la máa ń lọ síbẹ̀. Láti 1984 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọ mi ọkùnrin, gìtá sì ni oúnjẹ ẹ̀. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ilé là ń lọ. Bí ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu ẹ̀ ló ṣe wọ bàálù.

Ojúde Ọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹṣin dé, àwọn régbérégbé dé, aṣọ ń bá aṣọ jà, ọmọ yìí ya fọ́tò títí fóònù ẹ̀ fi kú. Mo rò pé inú ẹ̀ ti rọ̀. Nírọ̀lẹ́, Màmá gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú ẹ̀, wọ́n fi ojúlówó Ìjẹ̀bú bi í pé ṣé kò ní ta gìtá ẹ̀ kí àwọn gbọ́ ni.

Ó kọjú sí mi. Ó fi gẹ̀ẹ́sì ní kí n sọ fún wọn pé òun ò gbọ́ èdè yẹn, òun ò sì fẹ́ gbọ́ ọ, kí lòun fẹ́ fi ṣe?

Màmá ò dúró de ògbufọ̀. Wọ́n rọra sún abọ́ náà mọ́ ọn, wọ́n ní, "Jẹun, kó má tutù." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn lóhùn. Kí ni blues bí kò ṣe ìdáhùn? Olórin á sọ ọ̀rọ̀ kan, á tún un sọ, á wá fèsì sí i. Gìtá á máa gbà á lẹ́nu ẹ̀. B.B. King kì í kọrin kó tún máa ta gìtá lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá panu dé, Lucille, bó ṣe ń pe gìtá ẹ̀, á wá sọ tiẹ̀. Báà 12, ìyẹn ìdá kéékèèké 12 tí wọ́n pín orin sí, kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà yẹn, ẹ lè pè é gun orí ìtàgé láìṣe ìdánrawò kankan.

Fídíò kan wà tí àwa méjèèjì máa ń wò. Dallas ni, 2004, níbi tí Eric Clapton ti kó àwọn onígìtá jọ. B.B. King, ẹni ọdún 78, jókòó. Clapton, Buddy Guy àti Jimmie Vaughan yí i ká. Gìtá mẹ́rin, kò sí èyí tó gun èkejì lórí. Ọmọ mi ló kọ́ mi pé kí n má wo ẹni tó ń ta, kí n máa wo ọwọ́ àwọn tí kò tíì kàn. Ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Àwọn tó dá orin yìí sílẹ̀ ní Chicago, àjèjì bíi tèmi ni wọ́n. Muddy Waters kúrò ní Mississippi wá síbẹ̀ ní 1943. Buddy Guy kúrò ní Louisiana ní 1957; òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ bí ebi ṣe pa òun tó, tí Muddy Waters wá fún òun ní búrẹ́dì jẹ. Ohùn oko ni wọ́n gbé wọ ìgboro, iná mànàmáná ni wọ́n kàn fi kún un. Ohùn oko Mississippi yẹn lọmọ mi ń fi ìka sọ láàárọ̀ lálẹ́. Ti Ìjẹ̀bú ni kò wúlò fún un.

Bàbá mi ló ń ta léèdì, gìtá tó máa ń ṣíwájú, nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ìjẹ̀bú Òde. Gìtá tẹ́nọ̀ á máa sọ ohun kan náà yípo yípo, léèdì á máa bá gángan fọ̀rọ̀ wérọ̀, owó á lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí bí òógùn. Ní Chicago, àtẹ́wọ́ lásán ni. Mo máa ń di dọ́là mú nínú àpò, ọwọ́ á máa yún mi.

Ní 2016 ni bàbá mi kú. Ìwé mi ò tíì jáde. Tí mo bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn odi nìyẹn. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn, laago mẹ́fà àárọ̀, nínú mọ́tò níwájú ibi iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wá ta fún wọn. Nígbà tó débi tí léèdì ti yẹ kó wọlé, kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Tẹ́nọ̀ nìkan ló ń lọ, ó ń bi ìbéèrè kan náà, títí nẹ́tíwọ̀kì fi já. Mo nu ojú, mo wọlé lọ ṣiṣẹ́.

Ta wá ni kò kọ́ ọmọ? Èmi ni. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí olùkọ́ kan sọ pé kò tètè sọ̀rọ̀, pé èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí n mú ẹyọ kan. Mo mú ti olùkọ́. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Ìgbà tó ti bọ́ ni mo mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà, ó rí gìtá bàbá mi lára ògiri yàrá Màmá, nínú àpò àǹkárà tí wọ́n rán fún un. Okùn mẹ́rin ló kù lára ẹ̀, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ó gbé e mọ́ra, kò tẹ okùn kankan. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá òun lè mú un lọ.

Mo béèrè. Màmá ní, "Gìtá bàbá ẹ̀ ni. Kó fẹnu ara ẹ̀ béèrè."

Mo sọ ọ́ fún un. Ètè ẹ̀ mì. Dírẹ́bà ń fọn fèrè níta. Ó dá gìtá padà sínú àpò, ó so ó kọ́ orí ìṣó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá bá mi ní kíṣìnì. Ó ní kí ni Yorùbá ń pe gìtá?

Mo ní, gìtá náà ni.