Ìkòkò là ń lù ní Lọ́ńdọ̀nù, táyà ni wọ́n ń sun ní Agége

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kẹta ọdún 2020, mo balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń lu pásípọ́ọ̀tù lóǹtẹ̀, obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ na nǹkan bí ìbọn kékeré sí mi níwájú orí. Ó ń wò bóyá ara mi gbóná, torí àrùn kòrónà (COVID-19). Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù: níbo lẹ ti ń bọ̀, ilé ta lẹ máa dé sí, nọ́ńbà wo la máa fi pè yín? Inú bí mi díẹ̀, torí ìlà gùn, ooru sì mú. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo padà sí pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo na pásípọ́ọ̀tù sí ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn ṣí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Peckham, ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkankan.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nàìjíríà ti fojú rí Ebola lọ́dún 2014. Àwọn ará Ìlú Ọba rò pé àrùn ilẹ̀ ibòmíì ni kòrónà.

Ọjọ́ kan náà lọ̀rọ̀ wá ká ìlú méjèèjì mọ́, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta. Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú pa fún bàálù tó ń ti òkè òkun bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Boris Johnson, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, tó ní kí kálukú gbélé. Ọ̀kan ti ẹnu ọ̀nà, èkejì ti yàrá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà ti yàrá tiẹ̀ náà, ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Àmọ́ bàálù ò yéé balẹ̀ ní Heathrow. Ó di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà kí wọ́n tó ní kí ẹni tó ń wọlé ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, nígbà tí òkú ti sùn lọ bẹẹrẹ. N ò tíì rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ títí dòní.

Nínú ilé ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ jù. Àwọn arúgbó ni mo máa ń tọ́jú nílé wọn, nítorí náà èmi ò gbélé lọ́jọ́ kankan. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, èmi àti dírẹ́bà àti àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́ta mìíràn tó ń lọ síbi iṣẹ́ bíi tèmi. Aládùúgbò mi tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù wà nílé, ìjọba ń san ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, àmọ́ owó náà ò gbọdọ̀ ju £2,500 lọ lóṣù. N ò jowú rẹ̀ (mo jowú rẹ̀ díẹ̀). Owó yẹn ló mú un jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òyìnbó gbọ́n jù wá, owó yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja inú fìríìsà ní Agége. Ìjọba gba àwọn tó ń ta oúnjẹ láyè láti ṣí ọjà láti aago mẹ́wàá sí aago méjì ọ̀sán, bí wọ́n bá ṣí lónìí, wọn ò ní ṣí lọ́la. Àmọ́ ta ni yóò rà á? Oníbàárà rẹ̀ ni birikílà, aláago, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ní gáréèjì. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lónìí ló ń jẹun lónìí. Iná ò sí, ẹja ń yọ́. Nígbà tí ìrànwọ́ dé àdúgbò wọn, àpò ìrẹsì kan ni wọ́n ní kí ojúlé mẹ́wàá pín.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan láàárín oṣù Kẹrin, mo pè é ní aago mẹ́jọ alẹ́. Aago tiwa àti tiwọn máa ń dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí. Àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù máa ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ tí wọ́n á máa fi ṣíbí lu ìkòkò, láti fi yin àwa tí à ń tọ́jú aláìsàn.

“Kí lẹ ń lù yẹn?” Ohùn Àǹtí mi yí padà. “Ṣé olè ti wọ àdúgbò yín náà ni?”

Ìgbà yẹn làwọn ọmọ tó ń pe ara wọn ní One Million Boys ń da Agége àti Ifákò láàmú. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń sun táyà ní ìkóríta, wọ́n ń kó àdá àti igi dání, tí ẹnikẹ́ni bá lu páànù, gbogbo ilé á jí. Mo ní, “Rárá, Àǹtí, àwa ni wọ́n ń kí.” Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n á fi owó kún owó oṣù yín ni?”

Wọn ò fi kún un.

Ọ̀rọ̀ nípa ṣíṣí ìlú padà ò ní gbà mí lásìkò púpọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Ìlú Ọba ń san ìdajì owó oúnjẹ fún ẹni tó bá lọ jẹun níta, láti Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè, àmọ́ kò ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ lórí ẹnì kan. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá, wọ́n ti tún ti ilé oúnjẹ kan náà pa. Èkó ṣí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ, ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kẹsàn-án. Níbí ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní a lè jọ́sìn ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ kọrin. Àwa ará ìjọ aláṣọ funfun la ní ká má kọrin!

Mo padà délé ní oṣù Kọkànlá 2021, nítorí ọjọ́ ìbí Màámi. Mo tẹ̀lé Àǹtí lọ sí báńkì kan. Garawa ìfọwọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ò sí nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan jáde, ó já ìbòmú kúrò létí, ó nà án sí ẹni tó kàn lórí ìlà. Ìyẹn gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń gbọn eruku, ó fi bo imú, ó wọlé. Síkiọ́rítì ń wò wọ́n. Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n á ti pe ọlọ́pàá. Síbẹ̀, òkú tí Ìlú Ọba kà ti ju 100,000 lọ láti oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ti Nàìjíríà kò tó 3,200 títí ọdún fi parí. Mo mọ̀ pé wọn ò ka gbogbo òkú nílé. Àmọ́ ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kó àwọn arúgbó jọ sínú ilé kan.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ló yẹ kí n padà. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìlú Ọba kéde pé Nàìjíríà ti wọ ìwé pupa nítorí Omicron, oríṣi kòrónà tuntun: láti aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kẹfà, ẹni tó bá ń tibẹ̀ bọ̀ yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, £2,285 lórí ẹnì kan. Mo ṣírò rẹ̀ lórí àga oníke Màámi, mo tún un ṣírò. Ó ju owó oṣù mi lọ. Aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Sarafa Tunji Isola, pariwo pé ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú (apartheid) bíi ti South Africa ayé àtijọ́ ni. Mo ti fara mọ́ ọn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo sanwó láti sún ìrìnàjò síwájú, ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ò sì san owó ọ̀sẹ̀ yẹn. Kí n má ṣègbè: owó àyẹ̀wò tí ìjọba tiwa náà fọwọ́ sí fún arìnrìnàjò ju 40,000 náírà lọ, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù nílé nígbà náà jẹ́ 30,000.

Wọ́n yọ wá kúrò nínú ìwé náà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ kejì ni mo wọ bàálù. Ọjọ́ tí mo balẹ̀ yẹn, Ìlú Ọba ka ènìyàn 88,376 tó ní àrùn náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo pe Àǹtí láti Heathrow, mo sọ fún un.

Ó ní, “Tó o bá tún ń bọ̀, jọ̀ọ́, má kó o wá bá wa o.”