Ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń fò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kábbà. Ọyẹ́ mú débi pé mi ò rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀.

Mo ti dé láti Ìsánlú. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn páálí àtijọ́, òórùn kan tó jọ ti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì tí òjò ti pa rí, mi ò sì tíì fẹ́ fọ̀ ọ́. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rìnlá ni mo gbé bọ̀. Mẹ́tàlá nínú wọn lè dúró dìgbà mìíràn. Ọ̀kan tó kù ni kò jẹ́ kí n jókòó, bẹ́ẹ̀ iná ò sí.

Ẹni tí a jọ ń ṣe olùkọ́ ló sọ fún mi pé Màmá kan wà ní Ìsánlú tí ọkọ wọn ti ṣaláìsí tipẹ́, pé wọ́n ń palẹ̀ yàrá kan mọ́, pé àwọn ọmọ ti fẹ́ kó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lọ sí ààtàn. Mo wọ mọ́tò láago méje, a gba Mopà kọjá. Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Òkun o, Màmá." Wọ́n dáhùn, wọ́n bi mí ilé tí mo ti wá, wọ́n fún mi lómi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wò mí dáadáa.

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ máa gbọ́ wọn ni, mà."

"Wọn ò sọ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ ti wà nínú fóònù?"

"Wọ́n sọ fún mi, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró wọn.

Inú páálí mílíìkì ni àwọn àwo náà wà, ní ìdùbúlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ohun tó máa ń dùn mí jù nìyẹn. Ìnàró ló yẹ kí àwo wà, bí ìwé lórí pẹpẹ. Bí a bá tò wọ́n jọ ní ìdùbúlẹ̀, àwọn tòkè á máa tẹ àwọn tìsàlẹ̀, iyanrìn tó bá wà láàárín wọn á sì máa ha ojú àwo bí ẹni ń fi ọbẹ kékeré kọ̀wé sí i. Ikán ti jẹ ìdí páálí náà. Méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti lẹ̀ mọ́ra, mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọkọ Màmá kọ orúkọ sára gbogbo wọn pẹ̀lú báírò, ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún régé, tí olùkọ́ ayé ìgbà yẹn. Lábẹ́ orúkọ náà ni wọ́n kọ "Isanlu, Kwara State" sí. Mo dúró lórí ìyẹn fúngbà díẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Ògún ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, Kwara ni gbogbo ilẹ̀ Òkun wà, Ìlọrin sì ni àwọn bàbá wa ń lọ bí wọ́n bá ní ohunkóhun í ṣe lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn àwo yìí ti wà nínú yàrá náà kí ilé tó yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà.

Àwo kan wà níbẹ̀ tó wúwo, tó nípọn, tó ti sán láti etí dé àárín, àwòrán ajá tó ń tẹ́tí sí ẹnu giramafóònù sì wà lórí rẹ̀. Irú èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni. Oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́ bí àwo tánganran tí wọ́n bá ti já bọ́. Ẹ má ṣe fi ọtí tàbí sípíríìtì nu wọ́n láé, yóò yọ́ wọn. Ojú kan rẹ̀ kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ orin Yorùbá Reverend J. J. Ransome-Kuti sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré kò lè ráyè kí ará àti ọ̀rẹ́. Ọdún 1948 ni àwo ńlá tó ń yí ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta dé ayé, tí ojú kan rẹ̀ lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin tiwa, ẹnu tú. Wọ́n á fi orin kan gba gbogbo ojú àwo, wọ́n á pa òwe, wọ́n á dárúkọ àwọn olóore wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ bàbá, orúkọ ìlú.

Irú rẹ̀ ni èyí tí mo rí lábẹ́ àwo alájá yẹn. Àpàlà Haruna Ishola. Kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí páálí tiwa wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dàgbà. Télọ̀ ni bàbá wa. Wọ́n fi ìṣó mẹ́rin kan páálí náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ, bí o bá ń wọ búbá tuntun wò, Haruna ń wò ọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa àwo tiwa.

Ṣénjà kan, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo, wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí Bàbá rà ní Kàdúná, kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bùrọ̀dá mi fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n nígbà yẹn, Bàbá lọ ra òwú lọ́jà, Bùrọ̀dá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè láti dá orin padà sẹ́yìn, ọwọ́ wọn yọ̀. Abẹ́rẹ́ fa ilà kan kọjá lójú àwo. Wọ́n jẹgba lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ilà yẹn ṣe kò tán. Láti ọjọ́ náà, bí orin bá ti dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ á fò.

Mo ti ṣírò rẹ̀ nísinsìnyí tí mo ti dàgbà. Bí àwo ńlá bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 ni. Bí abẹ́rẹ́ bá fo méjì nínú ipa tó ń tọ̀ lójú àwo, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àbọ̀ àti díẹ̀ ti lọ. Kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n Haruna á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹnì kan, ohùn á ti ròkè, o mọ̀ pé orúkọ ló kàn, kì! àwọn elégbè ti gbà á. Bàbá fi kọ́bọ̀ kan lé orí ọwọ́ ẹ̀rọ kó lè wúwo, kò ràn án. (Kò sì dáa. Ìwúwo yẹn ń jẹ ojú àwo ni. Ọ̀pọ̀ àwo tí mò ń rí ní ilẹ̀ Òkun báyìí, kọ́bọ̀ ló jẹ wọ́n.) Nígbà tó yá, Bàbá yọ kọ́bọ̀ náà kúrò, wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni a ṣe kọ́ orin náà. Bí a ṣe ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, a óò kọ ọ́ dé ibẹ̀, a óò fò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ ń fò. Bàbá alára, tí wọ́n bá ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára aṣọ, á kọ ọ́ lábẹ́ èémí, wọ́n á sì fò níbi tí àwo ti ń fò. Ìyá àgbà wa láti Ìyàrà ló máa ń bi Bàbá léèrè, torí ohùn Ìjẹ̀bú ni ohùn Haruna, ohùn Òkun sì ni tiwọn, òwe tó bá jinlẹ̀ á sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. "Kí ni ó wí?" Bàbá á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo orin náà ni wọ́n túmọ̀ tán. Ìyá àgbà kò bèèrè ibi tí ó fò rí. Mo rò pé wọ́n gbà pé bí olórin ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá kú, a kó àwọn àwo sókè àjà, lábẹ́ páànù. A ò mọ̀. Oòrùn oṣù méjì péré ló ká wọn kò bí ewé kókò. Èmi ni mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, èmi náà ni mo dà wọ́n nù, mi ò sì tíì dárí ji ara mi. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwákiri yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá gba ₦6,000 lọ́wọ́ mi, wọ́n dá ₦1,000 padà fún owó mọ́tò. Wọ́n ní ọkọ àwọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí Haruna bá ń kọrin. Mo ṣèlérí pé màá padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń dúró de iná. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lò ó. Mọ́tò inú ẹ̀rọ mi kì í wo bí iná ṣe lágbára tó, bí iná ṣe ń lù ló ń tẹ̀lé. Iná orílẹ̀-èdè yìí, ìgbà 50 ló yẹ kó máa lù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tèmi kò lè dúró sójú kan: bí fìríìjì bá gbà, á rọ, bí fìríìjì bá dákẹ́, á sáré, Haruna á sì di àgbàlagbà tó rẹ̀, á tún di ọmọdé. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọgbọ̀n ọdún ó lé pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Torí náà mo fọ àwo. Omi tó lọ́ wọ́rọ́, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan, aṣọ rírọ̀ tí kò ní òwú tó ń yọ. Yípo yípo ni à ń nù ún, bí ipa ṣe lọ, kì í ṣe láti àárín wá sí etí. Omi kò gbọdọ̀ kan páálí àárín. Mo lo omi abọ́ mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ dúdú bí omi àgbo. Mo gbé e sí ìnàró kó gbẹ, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ìhá, ta ni kò ní? Ṣùgbọ́n kò sí ilà kankan tó dábùú rẹ̀.

Àárín rẹ̀ fi hàn pé STAR ló gbé e jáde, ilé iṣẹ́ àwo tí Haruna àti I. K. Dairo dá sílẹ̀ ní 1969, kí olórin lè ní ọwọ́ nínú èrè iṣẹ́ rẹ̀. Haruna kú ní 1983. Mo ronú nípa ìyẹn bí mo ṣe jókòó sínú òkùnkùn, pé ọkùnrin tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú agídìgbo àti ìlù, tí kò fi gìtá kankan kún un, ti kú kí n tó mọ̀wé kà, síbẹ̀ òun ló kọ́ mi ní ìdajì Yorùbá ìlú mìíràn tí mo gbọ́.

Aago kan òru.

Iná dé ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Mi ò sáré. Mo kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí ibi tí àwo ń jókòó lé, mo ń kà á bó ṣe ń yí: ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé ló yẹ kó jẹ́. Ọgọ́rùn-ún ni. Mo fi abẹ́rẹ́ lé e.

Ìró pàtì-pàtì díẹ̀, bí ìgbà tí èèpo ẹ̀pà ń já. Agídìgbo wọlé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ohùn yẹn dé, òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú tí a fi ń lọ̀ aṣọ ló kọ́kọ́ dé imú mi, mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bá a kọ ọ́ lọ, mi ò gbàgbé ohunkóhun. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ó débẹ̀, ara mi ti ń múra láti fò.

Kò fò.

Orúkọ ọkùnrin kan ni. Orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn elégbè gbà á. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ orúkọ náà níbòmíràn rí. Ẹnì kan ti ṣoore débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àwo kó má bàa parẹ́, inú rẹ̀ yóò ti dùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Gbogbo ọdún wa ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí rẹ̀ ni a ń fò kọjá.

Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lè sọ pé inú mi dùn tán. Orin náà gùn díẹ̀ sí i ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó dà bí ìgbà tí o padà dé ilé tí wọ́n ti fi àtẹ̀gùn kan kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo pe Bùrọ̀dá ní Kàdúná. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù, ta ni kì í bẹ̀rù ìpè òru? Mo ní kò sí láburú, kí wọ́n sáà tẹ́tí. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ wọn, wọ́n ń bá a kọrin, ohùn oorun, ohùn tó ti wá jọ ti Bàbá gan-an. Wọ́n ń kọ ọ́ bọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ bọ̀, nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n fò. Ẹnu wọn ti wà nínú orin àwọn elégbè nígbà tí Haruna ṣì ń dárúkọ ọkùnrin yẹn.

Wọ́n dákẹ́. Orin ń lọ.

"Dá a padà," wọ́n ní. "Rọra o."

Mo fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú kó má bàa yọ̀, mo sì gbé abẹ́rẹ́ sókè.