Ọdún tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n kọ́ bí a ṣe ń pe bọ́ọ̀lù

Ọyẹ́ ti dé sí Òṣogbo. Láàárọ̀ yìí tí mo fọwọ́ kan orí àwọ̀n ní pápá tẹ́níìsì wa, eruku ló bá ọwọ́ mi wá. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo sì ṣí ìwé kékeré tí mo fi ń kọ èsì wa sílẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní. Ayò 26 ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n jọ gbá lọ́dún yìí, a borí nínú 15. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pín: kí oṣù kẹfà tó dé, 12 la gbá, 4 péré la borí. Nínú 14 tó tẹ̀ lé e, 11 la borí. Eré ẹsẹ̀ wa kò yá jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, Ẹ̀gbọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló yí padà.

Bọ́ọ̀lù àárín ló ń pa wá. Pápá ẹlẹ́niméjì fẹ̀ tó ẹsẹ̀-bàtà 36, ti ẹnìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 27, ìyẹn ló ń mú kéèyàn máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀n ga ní ẹsẹ̀-bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ nídìí òpó, ó sì lọ sílẹ̀ sí mẹ́ta ní àárín. Ibi tó rọrùn jù fún ọ̀tá nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni kò ti sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni bọ́ọ̀lù. Èmi á dúró, torí wọn ò tọ́ mi láti na ọwọ́ kọjá níwájú àgbà. Ẹ̀gbọ́n náà á dúró, wọ́n á ní ọ̀dọ́ ni mí, màá débẹ̀. Bọ́ọ̀lù á rọra gba àárín wa kọjá, a ó sì máa wo ara wa. Lóṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹta nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú géèmù kan ṣoṣo.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí mo bá fẹ́ sáàfù, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n ni mò ń wò nídìí àwọ̀n, n kò rójú kankan.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni èmi. Apá òsì ni wọ́n máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀, bíi Bob Bryan ará Amẹ́ríkà, tí òun àti ìbejì rẹ̀, Mike, jọ gba ife Grand Slam, ìdíje tẹ́níìsì tó ga jù, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dúró yẹn, backhand àwa méjèèjì, ìyẹn fífi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ló bọ́ sí àárín, backhand wa kò sì lágbára. Lóṣù kẹfà a pààrọ̀ ààyè. Forehand méjì, ìyẹn fífi iwájú ọwọ́ gbá a, wá wà láàárín, a sì jọ sáré sí bọ́ọ̀lù kan náà: kọ̀ọ́! Rákẹ́ẹ̀tì kọlu rákẹ́ẹ̀tì. Ojú ibi tó ti họ lára tèmi kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ìka ra á, wọ́n ní, “Tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, má wojú mi mọ́. Pè é.”

Látìgbà náà la ti ń pè é. “Tèmi!” “Jáde!” Wọ́n ń sọ pé “Tìẹ!”, èmi ń sọ pé “Tiyín!”, ọ̀kan kò sì gùn ju èkejì lọ. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, pé n kò ní láti yájú sí wọn kí n tó lè yára. Ẹni tó bá sún mọ́ àwọ̀n jù ló ni bọ́ọ̀lù àárín. Tí a bá dúró lọ́gbọọgba, tèmi ni.

Kí n tó sáàfù, Ẹ̀gbọ́n á fi ọwọ́ sẹ́yìn. Tí wọ́n bá di ẹ̀ṣẹ́, wọn ò ní kúrò lójú kan. Tí wọ́n bá la ọwọ́, wọ́n fẹ́ sọdá lọ já bọ́ọ̀lù gbà nìyẹn, èmi á sáré dí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀. N kì í fi gbogbo agbára sáàfù mọ́. Ìlà àárín ni mò ń gbá a sí, torí ẹni tó bá gbà á níbẹ̀ kò ní igun tó lè fi dá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń dá a padà sí.

Oṣù kẹjọ lọ pẹ̀lú ọdún Ọ̀ṣun, a ò fi bẹ́ẹ̀ gbá. Lóṣù kọkànlá, wọ́n ti nà wá 5-1 nínú sẹ́ẹ̀tì kan. Ọdún 1983 ni Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹ́níìsì, nígbà tí Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà wa, pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ sọ́wọ́ Guillermo Vilas ará Argentina ní ìdíje Wimbledon, tó sì tún borí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í gbà pé ayò ti tán. A gbà á ní 7-5.

Lob ló kù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sókè kó lè gba orí ẹni kọjá. Nínú mẹ́ta tí wọ́n ti borí wa láti oṣù kẹfà, lob ló fa méjì. Tó bá ti gba orí Ẹ̀gbọ́n kọjá, èmi ni màá sá lọ lé e, àwọn ló yẹ kí wọ́n sọdá wá sápá tèmi. Apá kan náà la ṣì máa ń bá ara wa. “Pààrọ̀!” lọ̀rọ̀ tí a fẹnu kò sí lánàá lójú ọ̀nà Òkè-Fìà, bí a ṣe ń lọ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ó dán an wò.