Táìsì kíṣìnì wa

Ilé tá a gbé tẹ́lẹ̀ l'Ọ́fà, ìlà táìsì kan péré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíṣìnì, pẹ́ńtì ló kù lókè, ẹ wá wo bí ògiri yẹn ṣe pọ́n lẹ́yìn gáàsì, mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ títí pẹ́ńtì fi ń bá kànìnkànìn jáde. Nígbà tó wá kan tiwa ní Tanke yìí, mo ti sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ táìsì kíṣìnì, èmi ni kí wọ́n bi.

Kí onítáìsì tó po sìmẹ́ǹtì rárá ni mo ní ká tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ká wò ó. Ògiri wa fẹ̀ tó 260 sẹ̀ǹtímítà, táìsì sì jẹ́ 30 sí 60, ìlà méjì á kún àárín káńtà àti kọ́bọ́ọ̀dù òkè gẹ́lẹ́. Ó fa ìlà sáàárín ògiri, ẹ̀yìn gáàsì gan-an, ó ní ibẹ̀ ni ẹnu táìsì méjì á ti pàdé. Nígbà tá a kà á dé igun, 10 ló ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún, 10 lápá òsì, tín-ín-rín báyìí! Mo ní "Àfáà, kí lèyí?" Mo ní kó gbé àárín táìsì kan lé ìlà yẹn, kó má fi ẹnu síbẹ̀, ló bá di odindi mẹ́ta, igun kọ̀ọ̀kan wá gba 40. Ó ní "Àńtí, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ni?" Aṣọ ni mò ń rán jàre, ẹni tó bá ti gé àǹkárá olódòdó ńlá rí mọ̀ pé àárín àyà lèèyàn ń kọ́kọ́ wò.

Táìsì olódòdó tí mo rà, tó rí gbágungbàgun lára, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ní kó kó o sí. Epo á há sínú ẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn gáàsì, èyí tó ń dán ló wà níbẹ̀, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù lókè gáàsì náà, torí ẹ̀ la ṣe gbé táìsì ibẹ̀ ga sí i. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bùlẹ́ńdà nìkan ló yọ wá lẹ́nu, ibi tí táìsì mẹ́rin ti pàdé ló bọ́ sí, méjì fọ́ kó tó gé e dáa.

Ọ̀la ló ń bọ̀ wá dí àlàfo àárín àwọn táìsì. Èyí tó funfun ló gbé wá láti fi dí i, mo ní kó lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí aláwọ̀ eérú, ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, epo pupa ni wọ́n fi ń dín àkàrà.